Súìṣì Tó Ń Sáré Nínú Ilé Bàbá Wa

Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin,

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ lọ́dọ̀ yín, ẹ káàárọ̀. Bí ẹ bá ṣì wà lórí ibùsùn, ẹ kú oorun, ẹ̀yin tí ẹ rí i sùn. Màmá ló ní kí n máa kọ lẹ́tà sí yín láti orí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní ìgbàkígbà tí èmi àti ẹ̀yin bá pàdé lórí fóònù, bí àkùkọ méjì lábẹ́ agọ̀ kan ni, pé ẹni tó bá ń kọ̀wé kò lè pariwo. Wọn ò mọ̀ mí tó.

Ẹrù yín dé láyọ̀. Bàbá fọwọ́ ara wọn tú u, wọ́n yí i po, wọ́n mì í létí, wọ́n ní, "Gbogbo páálí yìí, ohun tó wà nínú rẹ̀ ò ju búrẹ́dì kan lọ." Mo ṣàlàyé fún wọn pé súìṣì ni, pé kì í ṣe ti iná, pé òun ni oríta tí wáyà gbogbo kọ̀ǹpútà inú ilé ti ń pàdé, àti pé eléyìí ń sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Bàbá wo ojú mi títí. Wọ́n ní, "Ó ń sáré lọ síbo?"

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ilé yìí, nítorí ó ti pẹ́ tí ẹ ti lọ, ó sì lè jẹ́ pé ilé tí ẹ ń rò lọ́kàn kọ́ ni a ń gbé. Bàbá ń yàwòrán ilé nínú yàrá iwájú, wọn a sì ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Èmi ń fi fèrèsé, ilẹ̀kùn àti ìwọ̀n sí i nínú yàrá ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, n ó sì dá a padà fún wọn láti parí. Màmá ń tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà fífẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn. Súìṣì àtijọ́ wà lórí pẹpẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti pọ́n bí eyín àgbà, ó sì ń kùn. Bí Bàbá bá kígbe láti yàrá iwájú pé, "Mo ti fi ránṣẹ́ o, ó wà lọ́nà!", Màmá lè lọ fọ abọ́, kí wọ́n lọ sá aṣọ, kí wọ́n tún padà wá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ tí awakọ̀ rẹ̀ ṣì ń wẹ̀.

Ẹ rántí agbaṣẹ́ṣe tí Bàbá ti ń yàwòrán fún kí n tó pààrọ̀ eyín. Ó wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dúró sí yàrá ìtẹ̀wé bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀. Ó ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà lọ́wọ́ Bàbá báyìí, bí àwòrán rẹ̀ bá tún pẹ́, òun yóò kó iṣẹ́ òun lọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ṣí ọ́fíìsì sí ojú títì. Bàbá ní bó bá kó o lọ, àwọn ó ká rúlà nílẹ̀, àwọn ò tún ní yàwòrán fún ẹnikẹ́ni mọ́ láyé. Ẹ mọ̀ pé Bàbá kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré. Ìdí nìyẹn tí a fi ń retí ẹrù yín bí àgbẹ̀ ṣe ń retí òjò.

Òjò dé, ilẹ̀ ò tutù. Mo ti so súìṣì yín, kò sì sí ohun tó yí padà. Màmá tilẹ̀ ní ó falẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé asáré lẹ rà ni, àbí ẹni tó wọ bàtà asáré? Ẹ padà lọ bá ẹni tó tà á fún yín, kí ẹ sì bá a sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe máa ń bá èmi sọ̀rọ̀.

Èmi ni,
Àbúrò yín.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta

Olóríkunkun,

Mo rí ìkíni rẹ. Èébú tí wọ́n wọ̀ ní aṣọ ìkíni ni, ṣùgbọ́n mo gbà á bẹ́ẹ̀. Bá mi kí Bàbá, bá mi kí Màmá dáadáa.

Súìṣì tí mo rà fún yín, irú rẹ̀ gan-an ló wà ní ọ́fíìsì tí mo ti ń tọ́jú kọ̀ǹpútà. Ó ń gbé iṣẹ́ odindi ilé alájà mẹ́ta níbí, kò ráhùn. Ó wá dé ilé wa, ó di arọ. Ta ni kí n bi, súìṣì ni àbí ẹni tó so ó? Mo mọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ abúlé ni o lọ, níbi tí olùkọ́ kan ṣoṣo ń kọ́ kíláàsì mẹ́ta, tí ewúrẹ́ sì ń wọlé láti ojú fèrèsé wá gbọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn ki wáyà bọ ihò, ìyẹn ò gba ìwé.

Wo ara súìṣì náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan, iná kékeré kan wà níbẹ̀. Bí iná náà bá ní àwọ̀ ewé, wáyà yẹn ń sáré. Bó bá ní àwọ̀ ọsàn, ó ń rìn. Sọ fún mi èyí tí o rí. Kí o sì wo wáyà fúnra rẹ̀: bó bá jẹ́ àwọn wáyà gbígbó tí Bàbá fi ìṣó kàn mọ́ ògiri nígbà náà, pààrọ̀ wọn.

Ọ̀rọ̀ kan kù. O kọ ojú ewé méjì nípa wáyà, o ò kọ ìlà kan nípa ara Bàbá. Báwo ni ara wọn?

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àníyàn, ẹ kú èébú. Ewúrẹ́ tí ẹ dárúkọ yẹn, ó máa ń dákẹ́ bí olùkọ́ bá ń sọ̀rọ̀. Gbogbo ẹni tó lọ ilé ẹ̀kọ́ ìgboro kọ́ ló lè ṣe é.

Ara Bàbá le. Wọ́n ń bínú dáadáa, ohùn wọn sì ń dé òpin títì. Ohun kan ni pé wọn kì í fẹ́ ká wọ yàrá iwájú mọ́ bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní ìró ẹsẹ̀ wa ń mú ọwọ́ àwọn yẹ̀. Ẹsẹ̀ tèmi yìí ni, tí Màmá máa ń sọ pé ó dà bí ti ológbò.

Mo wo iná. Ti kọ̀ǹpútà tèmi ní àwọ̀ ewé, ó ń ṣẹ́jú sí mi bí ẹni tó mọ àṣírí mi. Ṣùgbọ́n ní ibi tí tuntun ti dara pọ̀ mọ́ àtijọ́, àwọ̀ ọsàn ló wà níbẹ̀. Mo ra wáyà tuntun. Mo gun òkè àjà, mo fi àyà fà bí alángbá láti yàrá iwájú dé yàrá ẹ̀yìn, aláǹtakùn sì fi irun orí mi ṣe ilé. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, Màmá kígbe, wọ́n rò pé olè ni. Mo so gbogbo rẹ̀ tán, Bàbá kígbe pé, "Mo ti fi ránṣẹ́ o!" Màmá lọ fọ abọ́, wọ́n sá aṣọ. Ẹ ti mọ ìyókù.

Agbaṣẹ́ṣe ti fún wa ní ìparí oṣù. Ó fi ìka kan ojú kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri, ó tẹ̀ ẹ́ débi pé èékánná rẹ̀ wọnú bébà. Bàbá ní kó má fi ọwọ́ dọ̀tí kan ògiri àwọn. Ó jáde láìdágbére.

Ẹ fèsì kíákíá. Ẹ má ṣe fi ẹsẹ̀ súìṣì yín rìn.

Àbúrò yín.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, ẹ ò dáhùn. Mo bi yín, ẹ ò fèsì. Ṣé àwọ̀ ọsàn ló wà lára ẹ̀yin náà ni?

Agbaṣẹ́ṣe kọjá níwájú ilé lánàá, kò wọlé. Bàbá rí ọkọ̀ rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi pé ọkọ̀ ta nìyẹn, mo ní n kò mọ̀ ọ́n.

Àbúrò yín.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹta

Àbúrò mi,

Má bínú. Wọ́n kó ọ́fíìsì wa láti àjà kan sí òmíràn, èmi ni wọ́n sì ní kí n tú gbogbo wáyà, kí n tún un so. Nígbà tí mo bá délé, ọwọ́ mi kì í lè di ṣíbí mú.

Mo tún lẹ́tà rẹ kà. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí mo kọjá lára rẹ̀ ní àkọ́kọ́. O ní "ibi tí tuntun ti dara pọ̀ mọ́ àtijọ́." Kí ni àtijọ́ ṣì ń ṣe níbẹ̀? Mo rán tuntun wá kó lè gba ipò àtijọ́ ni. Jọ̀wọ́, fi ẹnu tààrà sọ fún mi: wáyà wo ló wà lára èwo? Má fi ewúrẹ́ sí i.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ fi omi gbígbóná wọ́ ọ, kì í ṣe kí ẹ máa fi kọ èébú.

Ohun tí ẹ béèrè rọrùn. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ so súìṣì yín, mo ti fa gbogbo wáyà yọ kúrò lára àtijọ́, mo ti di wọ́n mú bí ìdí ìgbálẹ̀. Bàbá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní, "Kí lò ń ṣe?" Mo ní mo fẹ́ fi tuntun rọ́pò rẹ̀ ni. Wọ́n wo àtijọ́, wọ́n wo tuntun, wọ́n wo èmi. Wọ́n ní, "Àlejò tó wọlé lónìí, orí àga onílé ló fẹ́ jókòó sí? Èyí tó wà lórí pẹpẹ yìí ti ń sìn wá kí o tó mọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe nínú ilé tèmi ni wọ́n ti máa lé àgbà jáde nítorí pé ọmọdé kan mọ eré sá."

Mo gbọ́, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ mí létí. Mo dá wáyà Bàbá àti ti Màmá padà sára àgbà, níbi tí wọ́n ti wà látijọ́. Mo gbé tuntun sí ìsàlẹ̀ pẹpẹ, mo fi wáyà kan so ó mọ́ àgbà lẹ́yìn, bí ọmọ tó di aṣọ ìyá rẹ̀ mú. Wáyà tèmi ni mo so mọ́ tuntun, nítorí èmi ni àbígbẹ̀yìn.

Gbogbo rẹ̀ wà létòlétò. Ẹnikẹ́ni tó bá wo pẹpẹ wa yóò mọ̀ pé wọ́n tọ́ wa.

Àbúrò yín tí wọ́n tọ́.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Ìwọ,

Inú ọkọ̀ ni mo ti ka lẹ́tà rẹ. Mo rẹ́rìn-ín débi pé obìnrin tó jókòó tì mí ṣí lọ sí àga mìíràn. Lẹ́yìn ìgbà tó ṣí lọ ni inú wá bí mi.

Ẹ so ẹṣin mọ́ ìdí ìjàpá, ẹ wá ń kọ̀wé sí ẹni tó ra ẹṣin pé kò lè sáré! Àwòrán tó bá kúrò lọ́dọ̀ Bàbá, ara àtijọ́ ló ń gbà dé ọ̀dọ̀ Màmá. Kò kan tuntun rárá. Èyí tó bá kúrò lọ́dọ̀ tìrẹ ń sáré láti yàrá rẹ dé ìsàlẹ̀ pẹpẹ, níbẹ̀ ló sì ti ń to ìlà lẹ́yìn arúgbó. Ọjọ́ gbogbo tí o fi ń fà lókè àjà bí alángbá, lásán ni.

Wáyà kì í dọ̀bálẹ̀. Súìṣì kì í kí àgbà. Irin àti rọ́bà ni, kò ní ìyá, kò ní bàbá, kò mọ ẹni tó ṣáájú dé ilé ayé. Yọ àtijọ́ kúrò lónìí, gbé e jù sẹ́yìn ilé, kí o so gbogbo wáyà mọ́ tuntun. Oṣù ti ń parí. Ṣé nítorí àpótí tó ń kùn ni Bàbá yóò ṣe ká rúlà?

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń bínú.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mi ò ní yọ ọ́.

Mo kí yín kí n tó sọ ọ́, kí ẹ má baà ní mi ò kí yín.

Ọ̀rọ̀ ẹṣin àti ìjàpá ti yé mi. Ó yé mi lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò gọ̀. Mo sọ ọ́ fún Bàbá bí ẹ ṣe kọ ọ́, mo yọ "arúgbó" kúrò níbẹ̀. Wọn ò pariwo. Ẹ gbọ́ mi? Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn gbé ọwọ́ lé àpótí náà bí ẹni tó ń wo ibà lára ọmọ, wọ́n ní, "Fi í sílẹ̀ fún mi."

Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́nà jíjìn lè máa ní kí a ju nǹkan sẹ́yìn ilé. Ẹ ò ní rí i bí ẹ bá ń kọjá lọ sẹ́nu iṣẹ́ yín. Èmi ni mo ń gbé níbí. Bí ìfẹ́ Bàbá bá jẹ́ kí iṣẹ́ máa rìn dípò kó sáré, a ó jọ máa rìn.

Àbúrò yín.


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Bí agbaṣẹ́ṣe bá kó iṣẹ́ lọ, kí o gbé súìṣì náà kọ́ ara ògiri yàrá iwájú, kí Bàbá lè máa wo ohun tí o fi iṣẹ́ wọn rà. Mi ò kọ mọ́.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹrin

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ní ẹ ò kọ mọ́, ẹ ò sì ní ẹ ò kà mọ́, torí náà ẹ jókòó.

Lálẹ́ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yín ìkẹyìn dé, a jókòó sídìí oúnjẹ. Omi tán nínú jọ́ọ̀gì. Bàbá wò mí, mo dìde láti lọ bù ú. Màmá ní, "Jókòó. Bàbá yín ló ń lọ."

Bàbá ní, "Èmi kẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni o, baálé mi. Àbí kí ni mo ń rí lórí pẹpẹ yẹn? Àgbà lẹ fi ń jíṣẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ó ń gbé tèmi, ó ń gbé tiyín, ó ń gbé ti ọmọ, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọmọdé tí ara rẹ̀ le jókòó sísàlẹ̀, ó ń ṣẹ́jú. Nínú ilé wo ni wọ́n ti ń rán àgbà níṣẹ́ nígbà tí ọmọ ń bẹ? Bó bá jẹ́ pé bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà nìyẹn, ẹ dìde, omi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Òfin Bàbá fúnra wọn ló mú wọn lọ́rùn. Níkẹyìn wọ́n ní, "Kí àgbà sinmi, ìgbà náà." Ṣùgbọ́n wọn ò sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun nínú àwàdà. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó gbé kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Mo rí i, mi ò sì mọ ohun tí mo rí.

Mo so gbogbo wáyà mọ́ tuntun. Àtijọ́ ni mo fi sísàlẹ̀ báyìí, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré tí Màmá fi ń tẹ lẹ́tà nìkan ló ń tọ́jú. Ẹ̀gbọ́n mi, mo dá yín láre: nǹkan yín ń fò. Mo fi àwòrán ilé kan ránṣẹ́ láti yàrá mi, mo sáré lọ bá Màmá kí n lè rí i bó ṣe ń dé, ó ti dé, Màmá ti ṣí i, wọ́n sì ti rí àṣìṣe kan nínú rẹ̀. Gbogbo iná lórí pẹpẹ ní àwọ̀ ewé bí oko lẹ́yìn òjò. Mo fẹ́ kọ̀wé sí yín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ láti bẹ̀ yín. Inú mi dùn nísinsìnyí pé mi ò kánjú.

Agbaṣẹ́ṣe wá ní ìparí oṣù gẹ́gẹ́ bó ṣe wí. Mo gbà á lálejò bí ọba. Mo ní, "Ẹ jókòó, ẹ̀rọ tuntun ti dé, kí ẹ tó tú okùn bàtà yín, àwòrán á ti wà lórí bébà." Àwòrán ìsàlẹ̀ ilé jáde bẹ́ẹ̀ gan-an. Agbaṣẹ́ṣe gbé ojú sókè, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Òkè ńkọ́?"

Bàbá kígbe láti yàrá iwájú pé, "Mo ti fi ránṣẹ́ o, ó wà lọ́nà!"

Màmá wo ojú kọ̀ǹpútà. Kò sí nǹkan kan. A dúró. Màmá wò mí, mo wo agbaṣẹ́ṣe, agbaṣẹ́ṣe wo bàtà rẹ̀. Nígbà àtijọ́, gbogbo wa ì bá ti máa bú súìṣì, Màmá ì bá ti lọ síbi abọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà ti mọ́ báyìí, ó gbòòrò, kò sí igi tó wó dí i. Ohun tó bá wà lọ́nà, à ń rí i. Kò sí ohun tó wà lọ́nà.

Mo lọ ṣí ilẹ̀kùn yàrá iwájú. Mi ò kàn án. Imú Bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì kọ̀ǹpútà. Wọ́n fi rúlà igi lé ojú rẹ̀, wọ́n ń fi ìka tọ ìlà kan lẹ́yìn. Àtẹ̀gùn ni wọ́n ń yà. Àwọn ìṣísẹ̀ rẹ̀ gun ara wọn lórí, òmíràn ò ní ìbẹ̀rẹ̀, òmíràn wọnú ògiri. Bàbá wa, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá wo àtẹ̀gùn láti òdìkejì títì, wọ́n á sọ ìṣísẹ̀ tó ga ju èkejì rẹ̀ lọ! Wọn ò bínú pé mo wọlé. Wọ́n rọ ohùn sílẹ̀, wọ́n ní, "Wá bá mi wo ìlà yìí. Ṣé ọ̀kan ni, àbí méjì?"

Ọ̀kan ni.

Mi ò mọ̀ pé agbaṣẹ́ṣe ti tẹ̀ lé mi. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Ó ní, "Bàbá, láti ìgbà wo?"

Bàbá ò yíjú. Wọ́n ní, "Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti ń falẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ àgbà àti àlejò kọ́ ló wà nídìí súìṣì yẹn. Aṣọ ni Bàbá fi ń bora. Bí wọ́n bá ti pẹ́ jù, àpótí tó ń kùn ló ń gba èébú dípò wọn, gbogbo wa la sì ń bú u. Ẹ̀yin fi owó òógùn yín ra ohun tó fa aṣọ náà ya, èmi fi ọwọ́ ara mi so ó. Mo ṣì ń wá ẹni tí n ó bínú sí. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ rántí, ṣùgbọ́n kò dúró.

Agbaṣẹ́ṣe fa àga, ó jókòó láìjẹ́ pé wọ́n fún un. Lẹ́yìn ìgbà tó ti nu ojú rẹ̀ tán, ó ní, "Mo gbé àtẹ̀gùn kan fún àwọn ọ̀dọ́ ojú títì yẹn láti fi dán wọn wò. Wọ́n yà á tán, ẹni tó bá ga ò ní lè gun un láìfi orí gbá àjà. Bàbá, mi ò wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín. Òfegè ni mo ń ṣe, kí ẹ lè yára. Ẹ máa fi ẹnu yà á. Kí olóríkunkun yìí máa fi ọwọ́ yà á."

Ibi tí a dé nìyẹn. Bàbá ń jókòó lẹ́yìn mi, wọ́n ń ní "sí òsì, òsì, mo ní òsì, ṣé ọwọ́ tí o fi ń jẹun lo mọ̀ ni?" A ti jà lórí gbogbo ìṣísẹ̀, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Agbaṣẹ́ṣe wá gbé àwòrán náà lánàá. Ó ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀ àfi ariwo.

Àbúrò yín.


Ọjọ́ keje, oṣù kẹrin

Àbúrò mi,

Mi ò lè kọ púpọ̀. Mo ka lẹ́tà rẹ ní ibi iṣẹ́, mo sì sọ fún wọn pé orí ń fọ́ mi.

Mo ń béèrè ara wọn, o ń sọ fún mi pé ohùn wọn ń dé òpin títì. Èmi náà, ohùn yẹn ni mo máa ń gbọ́ lórí fóònù, mo ní kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n. Mi ò bá ọ wí. Ẹrù tí mo fi ránṣẹ́ ni mo ń bá wí, àti ara mi.

Mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ojú àgbà míì wà tó jẹ́ pé wọ́n lè wẹ̀ ẹ́ mọ́ bí fèrèsé, bí ènìyàn bá tètè lọ. Wọ́n á ní àwọn ò lọ. Olóríkunkun ni ọ́ láti ìgbà tí a ti bí ọ, gbogbo wa la ti jìyà rẹ̀. Lo ó fún wa báyìí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ kú orí fífọ́ tí ẹ sọ fún wọn.

Mo sọ ọ̀rọ̀ dókítà. Bàbá ní kí n kọ ọ́ sí yín pé nǹkan kan ò ṣe ojú àwọn, pé ìlà ayé ìsinsìnyí ni kò dúró sójú kan. Mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Wọ́n dúró lẹ́yìn mi títí mo fi kọ ọ́ tán, wọ́n ní kí n kà á sókè, mo kà á. Nígbà tí wọ́n jáde ni mo ń kọ èyí tó kù.

Èmi àti Màmá ti lọ wo ibi iṣẹ́ dókítà náà; a rí ẹ̀rọ tí aláìsàn ń gbé àgbọ̀n lé kí dókítà lè yẹ ojú rẹ̀ wò. Ilé alájà méjì tó jẹ́ tirẹ̀ ni dókítà ojú náà ń lò, òkè ló sì wà. Àtẹ̀gùn ilé náà burú, ẹ̀gbọ́n mi. Mo gun un, ẹsẹ̀ mi kọ lẹ́ẹ̀mejì. Báwo ni ènìyàn ṣe ń kọ́ irú àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀ fún afọ́jú? Mo délé, mo sọ fún Bàbá pé onílé kan ní ìgboro fẹ́ kí ẹnìkan tó mọ iṣẹ́ wá wo àtẹ̀gùn òun, nítorí àwọn tó ń gun un ń ṣubú. Mi ò purọ́. Obìnrin tó ń gba orúkọ àwọn aláìsàn sílẹ̀ sọ fún mi bẹ́ẹ̀ gan-an, ó ní kí n bá òun bẹ Bàbá.

Ọjọ́bọ̀ là ń lọ. Bàbá ti gbẹ́ lẹ́ẹ̀dì wọn, wọ́n ti fi aṣọ nu tépù ìwọ̀n. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń bú ẹni tó kọ́ àtẹ̀gùn tí wọn ò tíì rí. Wọ́n ní àwọn á bá onílé náà wí lójú ara rẹ̀, àwọn ò ní bò ó.

Mo ní kí wọ́n bá a wí dáadáa. Mo ní onílé náà kò gbọ́ràn tó, pé àfi kí wọ́n jókòó síwájú rẹ̀, kí wọ́n gbé àgbọ̀n lé ibi tó bá ní kí wọ́n gbé e lé, kí wọ́n sì máa wò ó lójú títí tó fi máa gbọ́.

Àbúrò yín.